Orin Tí Ọkọ̀ Pàǹtírí Ń Kọ

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ohun gbogbo tó dojú rú, ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé nílé ọmọ rẹ̀, ó ń ká aṣọ ìnura, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fọ abọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, dúró níwájú jígí ní pálọ̀, ó ń kọ́ bí yóò ṣe máa gbé àgbọ̀n sókè bí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni orin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Ìyá náà gbé aṣọ ìnura sílẹ̀, ó dìde, ó da ìborùn sí èjìká, ó gbé àpò pàǹtírí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Àbíkẹ́yìn mi," ó ní, "wá bá mi di ẹnu àpò yìí dáadáa, kó má baà jò sí mi lẹ́sẹ̀."

"Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́," ni ọmọ rẹ̀ wí. Kò yí ojú kúrò nínú jígí.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀ kékeré yìí, nítorí ọ̀gbẹ́ni tó wà níwájú jígí yẹn ti gbàgbé rẹ̀ kí ọkọ̀ tó yà ní kọ̀rọ̀.

Àìsàn ìgbàgbé ti wọ ilé náà tipẹ́. Ìyá yìí a máa bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè pé ọmọ ta ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, "ọ̀gbẹ́ni" ló ń pè é, ó rò pé ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe ni. Àmọ́ bí orin ọkọ̀ pàǹtírí bá ti dún, ńṣe ló dà bí ẹni tó tan iná sí yàrá tó ṣókùnkùn. Á dìde. Á mọ ibi tí bàtà rẹ̀ wà. Á pe àwọn ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń pè wọ́n láti kékeré, títí ọkọ̀ náà á fi lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ náà. Ní ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé pàǹtírí sílẹ̀ níwájú ilé. Àwọn ajá ti fi èyí da ìlú láàmú láyé àtijọ́, ìgbìmọ̀ ìgbà náà sì ṣe òfin tó mọ́gbọ́n dání: kí kálukú tọ́jú tirẹ̀ sílé títí ọkọ̀ á fi dé nírọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró ní kọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bí ó bá ṣí, orin á dákẹ́. Bí ó bá tún dúró níwájú, orin á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Òun ni aago ìlú. Lọ́yà, aránṣọ, òṣìṣẹ́ báńkì tí ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀, gbogbo wọn á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, wọn á kí ara wọn, wọn á ṣòfófó díẹ̀, wọn á padà sókè.

Orin náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ìlú yìí. Ẹnì kan ló kọ ọ́ fún dùùrù, lókèèrè, nígbà tí iná mànàmáná kò tíì dé ayé. Ẹni náà ti kú. Ẹni tó kọ ọ́ fún ti kú. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti kú, ọmọ wọn ti kú. Orin náà ló kọ̀ tí kò kú. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó sídìí dùùrù fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ni á kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀, apá ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni o, torí pé apá tó tẹ̀ lé e le. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn méjì tó fara kan ara wọn, tí wọ́n ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn, bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé ni tàbí kí òun padà. Ẹ máa gbọ́ ọ nínú fóònù, nínú lífítì, nínú aago ògiri, lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ó ti sú gbogbo ènìyàn, wọn kò sì lè ṣe aláìní in, bíi tọkọtaya tó ti pẹ́ nílé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kórìíra rẹ̀ dénú, ọ̀gbẹ́ni oníjígí wa ni. Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Oyè rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Alákòóso Àgbà fún Ìmọ́tótó, Àṣà, Ìwà Ọmọlúàbí àti Ohun Gbogbo Tó Ń Dún, ẹni tó bá sì fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ mí kanlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní Akọ̀wé kan tó ń kọ gbogbo ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ikọ́. Ó tún ní Olórí Apàtẹ́wọ́, ọkùnrin kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó mọ ìgbà tí gbólóhùn Ọ̀gá bá parí. Bí gbólóhùn kan bá kọ̀ tí kò parí, á pàtẹ́wọ́ láti fi gbà á sílẹ̀.

Ìkórìíra náà ní orírun. Ọ̀gá Àgbà ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun ní ìgboro, èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ó ti dé ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, bí ìtàn bá gbé gègé rẹ̀, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó ní, 'Ta ni n óò kọ?'" Bẹ́ẹ̀ ni ohùn méjì dún ní kọ̀rọ̀. Gbogbo ará ìlú yí orí lẹ́ẹ̀kan náà bí adìẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. Kí ó tó ṣẹ́jú, ó ku òun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Akọ̀wé àti Olórí Apàtẹ́wọ́, Olórí Apàtẹ́wọ́ náà sì ti ń wọ̀nà, torí pé ìyàwó rẹ̀ tó máa ń gbé àpò pàǹtírí kò sí nílé lọ́jọ́ náà.

"Akọ̀wé," ni Ọ̀gá Àgbà wí, "ta ni wọ́n lọ dá lóhùn?"

"Pàǹtírí ni, sà."

"Èmi ń sọ̀rọ̀, pàǹtírí ń pè. Wọ́n gbọ́ ti pàǹtírí."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Bílẹ̀ ti mọ́ ló pe ìpàdé. Ó wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ bí inú bá ń bí i ní gbangba.

"Ẹ̀yin òpó tó gbé mi ró," ó ní, "òkú ló ń pàṣẹ fún wa nírọ̀lẹ́. Òkú tí kò mọ̀ wá, tí kò dìbò rí, tí kò jókòó nípàdé kankan. Ǹjẹ́ èmi kò wà láàyè?"

"Ẹ wà láàyè, sà," ni gbogbo ilé dáhùn.

"Ǹjẹ́ èmi kò ní etí?"

"Ẹ ní méjì, sà," ni Akọ̀wé wí, "méjèèjì ló sì fẹ̀ dáadáa."

"Nítorí náà, èmi fúnra mi ni n óò kọ orin tí ìlú yìí yóò máa gbọ́ títí ayé."

Olórí Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́ títí omi fi dànù nínú ife.

Ọ̀gá Àgbà kò mọ dùùrù tẹ̀. Èyí kò dí i lọ́wọ́. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ gbọ̀ngán ìlú, ó fi ìka kan ṣoṣo wá orin kiri lójú dùùrù bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tó rí i, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà Dùùrù, obìnrin kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú láti ìgbà pípẹ́, pé kó wá fi gbogbo ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbà á sílẹ̀.

Tíṣà gbọ́ ọ tán. Ó wo ìka Ọ̀gá, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìka náà.

"Báwo lo ṣe rí i?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Ọ̀gá, ńṣe ló dà bí ẹni pé gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kọ ọ́."

"Ìyẹn gan-an ni àmì orin ńlá. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, Tíṣà kò purọ́. Òtítọ́ ló sọ, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí òtítọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ohun kan ṣì kù. Ọ̀gá Àgbà ní ẹni ńlá kì í já wọlé bí ewúrẹ́, ńṣe ni wọ́n ń dúró dè é. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú orin náà, ìdákẹ́jẹ́ tó gùn, tó kún fún ọ̀wọ̀, kí ará ìlú lè fi tún aṣọ ara wọn ṣe, kí wọ́n sì ronú nípa ẹni tó kọ ọ́. Tíṣà bi í pé báwo ni kó ṣe gùn tó. Ó ní kó tó ìgbà tí ènìyàn lè fi ka oyè òun láti òkè délẹ̀. Akọ̀wé kà á kí wọ́n lè fi díwọ̀n rẹ̀. Ó ní láti mu omi láàárín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé orin náà sétí ní ọ́fíìsì, Olórí Apàtẹ́wọ́ kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù bá a pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun pé òun ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí orin fi bẹ̀rẹ̀, tó sì fi parí. Ẹnì kankan kò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo wọn ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Òfin jáde. Orin òkú kò gbọ́dọ̀ dún mọ́ nínú ọkọ̀, nínú lífítì, lẹ́nu ẹni tó ń súfèé. Fèrè ọkọ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ dún, kó má baà da ìdákẹ́jẹ́ ọlọ́wọ̀ náà rú.

Ẹ rántí bí ẹ̀rọ ọkọ̀ yẹn ṣe ń ṣe. Ọkọ̀ dúró ní kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ìdákẹ́jẹ́ tó parí, àkókò tó, ọkọ̀ ṣí. Ó dúró ní kọ̀rọ̀ kejì, ìdákẹ́jẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Báyìí ni ọkọ̀ ńlá ṣe yí ìlú po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ológbò, tó sì padà sílé ní òfìfo.

Aránṣọ kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rí i tó ń kọjá.

"Awakọ̀, ọkọ̀ rẹ ti yadi ni?"

"Kò yadi o, ìyá. Ó ń bọ̀wọ̀ fún Ọ̀gá Àgbà."

"Sọ fún un kó bọ̀wọ̀ sókè díẹ̀, ká lè gbọ́."

"Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́."

"Èyí tí ọkọ mi ń fún mi nílé ti tó mi," ni aránṣọ wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìlú tó gbọ́ràn ni. Òfin ní kí wọ́n má da pàǹtírí síta, wọn kò dà á. Wọ́n kó o sí bálùwẹ̀, wọ́n kó o sábẹ́ ibùsùn, wọ́n kó o sí yàrá àlejò, àlejò kò sì wá mọ́. Lọ́yà kan ń gba àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Eṣinṣin ìlú náà sanra débi pé wọ́n ń rìn dípò kí wọ́n fò.

"Akọ̀wé, báwo ni ìlú ṣe gba orin mi?"

"Ìlú pa rọ́rọ́, sà. Wọ́n ń gbọ́ ọ."

"Òórùn wo ló ń wọlé yìí?"

Akọ̀wé fa imú. "Òórùn ìtẹ́wọ́gbà ni, sà."

Wọ́n ti fèrèsé.

Nílé Ọ̀gá Àgbà, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ká aṣọ ìnura. Ìrọ̀lẹ́ á dé, á kọjá, kò ní dìde. Nígbà tó ṣe, kò jẹun bí kò ṣe pé wọ́n fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Nígbà tó tún ṣe, ó dáwọ́ sísọ̀rọ̀ dúró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Àgbà, lọ bá Ọ̀gá níwájú jígí.

"Àbúrò mi, Màmá kò dìde mọ́."

"Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n mi. Mínísítà ń bọ̀ wá gbọ́ orin mi. Tó bá ti gbọ́ ọ, olú-ìlú ló máa gbé wa lọ. Dókítà ńlá ló máa tọ́jú Màmá níbẹ̀."

"Dókítà kọ́ ló ń jí i dìde. Orin yẹn ni. Dá a padà, ì báà ṣe ọkọ̀ tó ń kọjá ládùúgbò wa nìkan."

"Kí n kọ orin tuntun fún ìlú, kí n máa gbọ́ ti àtijọ́ nílé ara mi? Kí ni wọ́n máa sọ nípa mi?"

"Orin tuntun wo? Èmi ò gbọ́ orin kankan nínú ilé yìí."

"Ìdákẹ́jẹ́ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Ara orin ni."

"Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nílé olókùú náà nìyẹn." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Ṣé o mọ ìgbà tó pè ọ́ ní Àbíkẹ́yìn gbẹ̀yìn? Ó ní kó o bá òun di ẹnu àpò. O ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí Màmá bá lọ báyìí, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe lo máa jẹ́ fún un títí láé."

Ọ̀gá Àgbà ṣí ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti joyè, gbólóhùn kò wá, Olórí Apàtẹ́wọ́ kò sì sí nítòsí.

"Lẹ́yìn tí Mínísítà bá lọ," ló wí níkẹyìn.

Ọjọ́ Mínísítà dé. Wọ́n fọ ọkọ̀ pàǹtírí, wọ́n kùn ún, wọ́n so rìbọ́nì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì gbé e síwájú gbọ̀ngán ìlú bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọ̀gá Àgbà ti pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú wà nílé, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí orin náà lè wọlé tọ̀ wọ́n. Ó ti pàṣẹ fún Olórí Apàtẹ́wọ́ pé kó fi ọwọ́ sápò, kí Mínísítà lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sì ti pàṣẹ fún Awakọ̀ pé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí títí orin á fi parí.

Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to igi iná ara rẹ̀ jọ.

Mínísítà jókòó, nínú agbádá funfun tó ń dán yanran. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀, ó pẹ́, ó jókòó. Ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mínísítà rò pé àdúrà ni, ó tẹ orí ba. Ó gbé e sókè, ó rí i pé kò tíì tán, ó tún tẹ̀ ẹ́ ba. Ó yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sétí Akọ̀wé.

"Ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú, sà. Orin ni."

Nígbà náà ni ìdákẹ́jẹ́ parí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ohùn méjì dún. Wọ́n fara kan ara wọn, wọ́n ti ara wọn síwá, wọ́n ti ara wọn sẹ́yìn, bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà. Orin òkú ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀gá Àgbà kàn fi ohùn kan kún ìparí rẹ̀ ni, bí ẹni tó gbé ẹ̀wù ẹlẹ́wù tó rán bọ́tìnì kan mọ́ ọn.

Kò jalè, ẹ jẹ́ ká ṣe òtítọ́. Nígbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń gbé àpò pàǹtírí sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìyá náà a máa fi imú kọ orin yẹn pẹ̀lú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìka rẹ̀ bá a pàdé lójú dùùrù, tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀, ó rò pé ọgbọ́n ni. Ohun tó ṣe Màmá ló ṣe òun náà: ó gbàgbé.

Àmọ́ ìlú kò gbàgbé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, orin wọlé gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe fẹ́. Gbogbo ìlú dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti inú ilé jáde bí omi tó já odi, wọ́n gbé àpò, wọ́n wọ́ àpò, wọ́n ti àpò nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Aránṣọ gbé mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú èyí tó ń jò. Lọ́yà ń sáré, ó ń kí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọkọ̀ kún kíá. Wọ́n bá ń to ìyókù síwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí pèpéle, sẹ́bàá ẹsẹ̀ Mínísítà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di eléyìí mú díẹ̀, sà," ni òṣìṣẹ́ báńkì kan wí. Mínísítà dì í mú. Ó jò.

Láàárín rògbòdìyàn yìí, ìyá arúgbó kan ń bọ̀, ìborùn ní èjìká, àpò lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Ó rìn tààrà gba àárín àwọn olóyè kọjá. Ó dúró níwájú Ọ̀gá Àgbà, ó wo aṣọ olówùú wúrà rẹ̀ àti òkìtì tó yí i ká.

"Àbíkẹ́yìn mi," ó ní, "ṣé iṣẹ́ pàǹtírí lò ń ṣe báyìí? Iṣẹ́ tó dáa ni. Gbà."

Mínísítà fi ọwọ́ tó kù fún un tọ́ka sí ọkọ̀. "Ọ̀gá Àgbà, ṣé ìwọ lo kọ orin yìí?"

Gbogbo ojú yí sí i. Akọ̀wé gbé gègé sókè. Kí Ọ̀gá Àgbà tó fèsì, ìyá rẹ̀ ti fèsì.

"Òun kẹ̀? Èmi ni mo ń fi orin yẹn pọ̀n ọ́n. Tí kò bá gbọ́ ọ, kì í sùn. Ẹ ò mọ̀ pé alágídí ni?"

Mínísítà fẹ́ mú ẹ̀rín mọ́ra. Ó bá a jà dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rín náà jáde, ó gba ìdí pèpéle lọ, ó wọ àárín àwọn tó gbé àpò, Olórí Apàtẹ́wọ́ sì rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ ọwọ́ lápò, ó sì pàtẹ́wọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Àga ipò lè gba ẹ̀ṣẹ̀, ó lè gba epè, ó lè gba ìwé ẹ̀sùn tó ga tó òkè. Ẹ̀rín nìkan ni kì í gbà. Ọ̀gá Àgbà mọ̀ ọ́n. Ó wo Mínísítà, ó wo ìyá rẹ̀, ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ẹnu àpò náà.

"Ẹ ṣé, Màmá," ó ní. "Mo ti di ẹnu rẹ̀."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ń kọ ikọ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ báyìí. Orin òkú padà sórí ọkọ̀ láìsí ayẹyẹ, pẹ̀lú bọ́tìnì tuntun náà níparí, torí pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Tíṣà rò pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láti ìpìlẹ̀ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gá Àgbà nílùú ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìyá náà tún bá wọn gbé fúngbà díẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, fún ìwọ̀nba àkókò tí ọkọ̀ fi ń dúró ní kọ̀rọ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ sì ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ó kú.

Aṣọ ìnura náà wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ní kíká. Nírọ̀lẹ́, bí ohùn méjì yẹn bá dún láti ìsàlẹ̀ òpópónà, ọkùnrin kan á dìde, á gbé àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á di ẹnu rẹ̀ dáadáa kó má baà jò, á sì sọ̀ kalẹ̀.